Juken, ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé, ti kanlẹ̀kùn: kí ni ká ṣe fún ọmọ tó wà ní ọdún kẹta chūgaku?

Ìyá Tọ́pẹ́, Saitama

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Japan. Ọ̀rọ̀ físà àti ti ilé gbígbà la sábà máa ń bára wa sọ níbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi wá lónìí.

Tọ́pẹ́ mi ti wà ní ọdún kẹta chūgaku, ìyẹn girama kékeré. Ìparí oṣù kejì tó ń bọ̀ ni ìdánwò àtiwọ kōkō ìjọba, ìyẹn girama àgbà, ilé wa ò sì rójú láti ìgbà tí ọlidé oṣù kẹjọ ti parí. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á sáré jẹun, ó di juku, ilé ẹ̀kọ́ àfikún. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń wọlé, á tún jókòó ti ìwé di aago méjì òru. Láàárọ̀, ogun ni ká tó jí i. Nínú moshi, ìdánwò tí wọ́n fi ń dánra wò, èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, hensachi rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wé ọmọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ 48, ilé-ìwé tó wù ú sì ń fẹ́ 54. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kò tíì kàwé tó, èmi ní kò sùn tó.

Ẹ là mí lóye. Juku yìí, ṣé dandan ni? Owó rẹ̀ lé ní 30,000 yen lóṣù, wọ́n sì gba owó ọ̀tọ̀ fún ti oṣù kẹjọ. Kí ló ń jẹ́ naishin, tí tísà rẹ̀ ní “ó ti pẹ́ díẹ̀” fún? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tún fẹ́ lọ sí Yushima Tenjin, ojúbọ kan ní Tokyo, lọ tọrọ pé kí àwọn yege, ó fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Yokohama

Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Juken méjì la ṣe pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo nílé tèmi, Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí naishin, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa tá a kàwé ní Nàìjíríà ti máa ń ṣìnà. Lójú tiwa, ọjọ́ JAMB ni ọjọ́ JAMB. Bó o bá ti gba máàkì rẹ, ta ló fẹ́ béèrè bóyá o máa ń jáwọ́ sókè ní kíláàsì? Níbí, kí ọmọ tó jókòó ìdánwò rárá, apá kan máàkì rẹ̀ ti wà nínú fáìlì, òun ni naishin. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni ilé-ìwé ń fún ní máàkì láti 1 dé 5: èdè Japan, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ àti Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ wá fi orin, àwòrán yíyà, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wá ní bó ṣe ń ṣírò tirẹ̀. Ní Tokyo, ti ọdún kẹta nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń sọ orin, àwòrán, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ọwọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, naishin kó 300, ìdánwò kó 700. Níbi tiwa ní Kanagawa, ọdún kejì àti ìkẹta ni, ti ìkẹta lọ́po méjì. Ní Saitama tiyín, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ̀ ọ́, kōkō kọ̀ọ̀kan ló sì ń pinnu bí ti ọdún kẹta ṣe máa wúwo tó. Ohun tí tísà ń sọ nìyẹn. Ó ti pẹ́ fún ọdún kìíní àti ìkejì. Ti ọdún kẹta, tó wúwo jù, ṣì wà lọ́wọ́ yín di nǹkan bí oṣù kejìlá.

Taiwo mi gba 2 nínú orin, ọmọ tó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo bínú lọ bá tísà. Ó ṣí ìwé fún mi: ìgbà mẹ́ta ni ọmọ ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Láti 2021, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò ní chūgaku: ohun tí ọmọ mọ̀, bó ṣe ń ronú, àti ọwọ́ tó fi mú ẹ̀kọ́. Ìwé tí kò fi sílẹ̀ lásìkò, inú ẹ̀kẹta yẹn ló ń bọ́ sí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi owó kún owó juku, ẹ yẹ àpò rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ rí i bóyá iṣẹ́ kan wà tí kò tíì fi sílẹ̀. Máàkì ọ̀fẹ́ ni.

Onítara, Osaka

Ẹ̀yin òbí òde òní, ẹ ń kẹ́ ọmọ jù. Aago méjì òru kò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ibí fúnra wọn ló ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá sun wákàtí mẹ́rin ló ń yege, ẹni tó bá sun márùn-ún á fìdí rẹmi. Lábẹ́ àtùpà la ti kàwé tiwa, a sì dé ibi tá a dé. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Oṣù díẹ̀ ló kù.

Àǹtí Kaigo, Nagoya

Ẹ̀gbọ́n Onítara, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti gbó. Ìwé ìtọ́sọ́nà nípa oorun ti 2023 tí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Japan gbé jáde ní wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ chūgaku àti kōkō nílò. Àárọ̀ ni ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òru. Ọmọ tó ti fi oṣù mẹ́rin kọ́ ọpọlọ rẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ laago kan òru, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe ìṣirò laago mẹ́wàá àárọ̀?

Ìyá Tọ́pẹ́, ohun tí mo dúró lé nínú ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe hensachi o. Ọjọ́ méjì tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ní 2022, ọmọ ilé-ìwé 514, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kōkō, ló fọwọ́ ara wọn para wọn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tí kò lọ dáadáa àti ìdààmú nípa ibi tí ọmọ máa gbà lọ́la wà lára ohun tí ìjọba ń rí nídìí rẹ̀ lọ́dọọdún. Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní “daijōbu”, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Ẹ má gba daijōbu yẹn gbọ́ tí kò bá jẹun, tí kì í fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, tàbí tó bá ń sọ pé òun ò wúlò. Ẹ bi í tààrà, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn pé kí òun kú. Bíbéèrè kọ́ ló ń fi í sí ọmọ lọ́kàn. Yàrá nọ́ọ̀sì wà ní ilé-ìwé rẹ̀, hokenshitsu ni wọ́n ń pè é. Ọmọ lè lọ jókòó síbẹ̀ láìjẹ́ pé ara ń ro ó. Ilé-ìwé tún máa ń ní agbaninímọ̀ràn tó ń wá lọ́jọ́ kan pàtó, òbí náà lè gba àyè lọ rí i. Tó bá jẹ́ òru, 0120-0-78310 ni nọ́ńbà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, tọ̀sántòru, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì láìsọ nǹkan kan.

Ìyá Tọ́pẹ́, Saitama

Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Mo ti kọ nọ́ńbà náà. Mo bi í lálẹ́ àná nínú mọ́tò, níbi tí kò ti ní láti wo ojú mi. Ó ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, ó kàn ń ti òun lójú pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sókè, òun dúró lójú kan. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Màá tún kàn sí tísà rẹ̀.

Tísà Gunma

Mò ń bá àwọn tísà Japan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní chūgaku, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ń fojú rí. Àwọn ará wa máa ń rò pé tí ọmọ bá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ó ti gba 100 nínú iṣẹ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Èdè Japan ni wọ́n fi ń béèrè púpọ̀ nínú ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Japan ni ọmọ á sì fi dáhùn àwọn kan. Mo ti rí ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà tó gba 60. Kó jókòó ti gírámà wọn bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì nílé ti ń ṣàǹfààní ni Eiken, ìdánwò ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ipele. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ń fi máàkì kún ti ọmọ tó bá ní i. Ní Osaka, tí ọmọ bá ní Eiken ipele kejì, ó kéré tán wọ́n á fún un ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò ìjọba. Tokyo tún ní ìdánwò sísọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu fún ọdún kẹta, máàkì 20. Nílé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ kōkō tó ń fẹ́ gan-an bóyá wọ́n ń kà á.

Kokugo, ẹ̀kọ́ èdè Japan, ni ogun àwọn ọmọ wa. Kanji, àwọn àmì ìkọ̀wé wọn, tó wà fún gbogbogbòò jẹ́ 2,136, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ti kó 1,026 nínú rẹ̀, ọmọ tí kò sì sí ẹni tó ń ka Japanese nílé rẹ̀ máa ń ní ihò kéékèèké láti kíláàsì kẹta, ìkẹrin. Ihò yẹn ló ń jáde nínú ìṣirò. Tọ́pẹ́ lè mọ ìṣirò náà kó má lóye ohun tí ìbéèrè ń wí. Kó padà sí kanji alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìtijú, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, kó sì máa ka ìbéèrè ìṣirò sókè ketekete. Ìpínlẹ̀ yín máa ń gbé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú ìdáhùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kó ṣe ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀, láti àárọ̀ bí ìdánwò gidi.

Kọ́lá, Chiba

Ẹ káàárọ̀ mà. Chiba ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ló ń bá mi fi àmì sórí Yorùbá yìí, ẹ má wulẹ̀ yìn mí. Mo ṣe juken ti kōkō, mo ṣe ti yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì torí mo ṣe rōnin ọdún kan, ìyẹn ni pé mo dúró sílé láti tún ìdánwò ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, hensachi 48 kì í ṣe 48 nínú 100. Àwọn òbí wa máa ń rí i bíi pé ọmọ ti fèèlì. 50 ni àárín àwọn tó jọ ṣe moshi yẹn. Bí a bá to ọmọ 100 látorí ẹni tó mọ̀wé jù, ẹni tó ní 48 á wà ní nǹkan bí ipò 58, ẹni tó ní 54 á wà ní nǹkan bí ipò 34. Kì í ṣe ọ̀nà tó jìn bíi Kánò, àmọ́ kò rọrùn, torí pé láti oṣù keje ni gbogbo ọdún kẹta ti fi bukatsu, àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá yẹn, sílẹ̀, tí gbogbo wọn ń kàwé. Ọmọ lè máa mọ̀ sí i lójoojúmọ́ kí hensachi rẹ̀ má kúrò lójú kan, nítorí pé àwọn tó kù náà ń rìn. Ohun tó ń pa Tọ́pẹ́ lẹ́kún nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Kó má wo nọ́ńbà ńlá tó wà lókè ìwé èsì moshi. Kó wo inú, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tó lé ní ìdajì àwọn ọmọ gbà tí òun ò gbà, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe. Kó fi èyí tí ọmọ mẹ́wàá péré gbà sílẹ̀. Juku mi ń fipá kọ́ wa ní ìbéèrè líle torí wọ́n fẹ́ fi orúkọ àwọn tó wọ ilé-ìwé ńlá polówó, mo fi oṣù púpọ̀ ṣe wàhálà lásán kí tísà kan tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nípa juku, ohun tí mo rà níbẹ̀ gan-an ni jishūshitsu, yàrá ìkàwé tó dákẹ́. Ilé wa kéré, àbúrò mi méjì ń pariwo. Bí ilé yín bá dákẹ́, tó sì mọ ohun tó yẹ kó kà, juku kì í ṣe dandan. Bí kò bá dákẹ́, ẹ wo ibi ìkàwé ìlú kẹ́ ẹ tó wo juku míì.

Bàbá mi ò béèrè hensachi mi rí. Aago mẹ́wàá ló máa ń wá gbé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin, a ó máa sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù délé. Mo rò pé kò bìkítà ni nígbà yẹn. Ó ń bìkítà, ó kàn mọ̀ pé tísà, juku, àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti béèrè tán kí n tó dé inú mọ́tò.

Kí n tó lọ: ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé ilé-ìwé 54 yìí ni ayé rẹ̀. Lóde òní, ó lé ní ìdajì àwọn tó ń wọ yunifásítì aládàáni tó jẹ́ pé ìwé ìfọwọ́sí kōkō wọn, tàbí àròkọ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ni wọ́n fi wọlé, kì í ṣe ìdánwò gbogbogbòò. Ẹni tó wà lókè kíláàsì ní kōkō 49 lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà ju ẹni tó ń forí rọ́ ẹ̀yìn ní kōkō 56 lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá. Oṣù kejìlá ló ti mọ yunifásítì tó ń lọ, èmi ń fi oṣù kìíní gbọ̀n lójú òtútù lọ ṣe Kyōtsū Tesuto, ìdánwò àpapọ̀ àtiwọ yunifásítì.

Màmá Kawagoe

Saitama kan náà la wà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àlejò. Kōkō ìjọba kan ṣoṣo ni ọmọ lè forúkọ sílẹ̀ fún. Bí ó bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Ohun tó ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀ ni ilé-ìwé aládàáni tó ti wà lọ́wọ́ ṣáájú. Àwọn kan ń gbà á ní tangan, ìyẹn ni pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lọ. Heigan ni tàwọn tó fẹ́ gbìyànjú ti ìjọba kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Láti 22 oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe ìdánwò aládàáni ní Saitama.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: láàárín ìgbà yìí àti oṣù kejìlá, àwọn aládàáni ń ṣe kobetsu sōdan, òbí àti ọmọ á lọ jókòó níwájú tísà wọn. Ẹ mú ìwé èsì ilé-ìwé lọ́wọ́, kẹ́ ẹ mú èsì Hokushin Test, moshi ti Saitama, lọ́wọ́. Wọ́n sábà máa ń wo méjì tó dára jù láti oṣù keje wá. Bí máàkì náà bá bá tiwọn mu, wọ́n á sọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé yín pé kò séwu, kẹ́ ẹ ṣáà wá ṣe ìdánwò. Ẹni tí kò lọ síbi ìpàdé yìí ń lọ ṣe ìdánwò náà lójú afọ́. Mo ti rí ará Nàìjíríà méjì tó jẹ́ pé oṣù kìíní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Owó ń kọ́? Bí ọ̀rọ̀ owó kōkō ṣe wà ń yí padà lọ́dọọdún, ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ wà, ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀ fún aládàáni. Lọ́jọ́ sōdan yẹn gan-an, ẹ béèrè iye tí yóò jáde lápò yín lẹ́yìn ìrànwọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú yín sì lè ní kíláàsì ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí owó ilé wọn kò tó nǹkan. Ọ́fíìsì ìlú ni kẹ́ ẹ bi, gakushū shien ni kẹ́ ẹ pè é. Tí juku bá gbé ìwé owó oṣù kejìlá wá, ẹ lè mú iṣẹ́ méjì nínú márùn-ún. Wọn ò ní fi òfin mú yín.

Alhaji, Kawaguchi

Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ Tenjin yìí lóhùn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Tenjin, ọ̀mọ̀wé ni, Sugawara no Michizane, wọ́n bí i ní 845. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn láàfin, wọ́n lé e lọ sí Dazaifu ní Kyushu, ibẹ̀ ló kú sí ní 903. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àjálù ń ṣẹlẹ̀ ní Kyoto, ni wọ́n bá sọ ọ́ di òrìṣà. Ọmọ Yorùbá wo ni irú ìtàn báyìí máa ṣe àjèjì sí, nígbà tí Ṣàngó náà ti jọba rí? Musulumi ni mí, mi ò ní bọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi jẹ́ kí ọmọ mi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tẹríba, kò kọ nǹkan sórí pátákó ema tí wọ́n ń so kọ́, ó dúró de àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ jẹ katsudon. Ohun tó ń wá níbẹ̀ ni pé kí òun má dá wà.

Ìyá Ìjọ, Kobe

Alhaji, ibi tẹ́ ẹ gbà yẹn ò yé mi o. Ẹni tó bá dé ojúbọ ti dé ojúbọ. Kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun nílé Ìyá Tọ́pẹ́, kí ìyá gbàdúrà lé gbogbo wọn lórí.

Bàbá Ìbejì, Yokohama

Ẹ pe àwọn ọmọ náà wálé lóòótọ́, ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ má sọ Tenjin di ìjà láàárín bàbá àti ọmọ nínú oṣù yìí. Ìjà tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ìyá Tọ́pẹ́, Saitama

Ẹ kú ìtọ́jú wa, gbogbo yín. A yẹ àpò rẹ̀ wò: ìwé àwòrán kan, ìròyìn sáyẹ́ǹsì méjì! Ó ń parí wọn lọ́wọ́. Mo ti gba àyè fún kobetsu sōdan ní aládàáni méjì. Sansha mendan, ìpàdé tísà, òbí àti ọmọ, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Japanese mi ò dé ibẹ̀ yẹn, Tọ́pẹ́ ló máa ń túmọ̀ fún mi. Ṣé kò burú?

Tísà Gunma

Ó burú díẹ̀, mà. Ọmọ tó ń túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀ máa ń fo ibi tó dùn ún. Ẹ pe ilé-ìwé lọ́la, kẹ́ ẹ ní ẹ nílò ògbufọ̀. Tí wọn ò bá ní, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ kyōiku iinkai, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀: naishin rẹ̀ mélòó báyìí, kí ló lè gbé e sókè kó tó di oṣù kejìlá, kōkō ìjọba mélòó ni tísà rò pé ó bá a mu, àti ọjọ́ wo ni ẹ̀yin lè pààrọ̀ ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jáde. Tí wọn ò bá rí ògbufọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo lè wà lórí fóònù lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Ìyá Tọ́pẹ́, Saitama

Màá pè wọ́n lọ́la. Aago méjìlá ló sùn lánàá, bàbá rẹ̀ ló lọ paná. Ti Tenjin la ò tíì rí yanjú.

Alhaji, Kawaguchi

Ẹ ní kí Bàbá Tọ́pẹ́ pè mí.